Ibi Tí Orúkọ Tàbámá Ti Wá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sinmi. Inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Gonin Gora, ní Kaduna níbí, ni mo wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n dá wa dúró níbi tí àwọn sójà ti ń yẹ ọkọ̀ wò, oòrùn mú ganrínganrín, ni ọkùnrin kan tó jókòó níwájú mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ibi tí orúkọ Tàbámá ti wá. Ó ní òwe Hausa ni. "Tabarmar kunya, da hauka ake naɗe ta." Ẹní ìtìjú, wèrè ni wọ́n fi ń ká a. Ó ní àwọn káńsílọ̀ ìgbà náà jẹ owó ìlú, nígbà tí àṣírí tú, wọ́n ń pariwo bíi wèrè kí wọ́n lè fi bo ìtìjú wọn mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí aráàlú fi sọ ọ̀rọ̀ owó náà ní Tàbámá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Yauwa!" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ń mi orí. 

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo fọwọ́ kan ọkùnrin náà léjìká, mo sọ fún un ní Hausa pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé mo mọ ibi tí orúkọ náà ti wá, pé inú ilé wa ló ti wá. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "A'a, Hajiya," ó ní, "ba haka ba ne." Ó ní kì í ṣe bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn. Ó yíjú padà, ó ń bá àlàyé rẹ̀ lọ. Haba! Èmi tí mo bá wọn gbé ẹní náà lórí!

Kò sì kúkú jẹ́ òun nìkan. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sabon Tasha, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi pé abẹ́ ẹní ni wọ́n kó owó náà pamọ́ sí. Ẹlòmíì ní orí ẹní ni wọ́n ti pín in, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Olúkúlùkù ló ní tirẹ̀, ó sì dá gbogbo wọn lójú. Ẹnu mi ti bó. Tàbámá ni Hausa ń pe ẹní, òtítọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò ti inú òwe wá, kò sì sí owó kankan lábẹ́ rẹ̀. Inú yàrá ìyá mi ní Kabala Doki ló ti jáde, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn ẹní náà ti máa ń wà ní kíká, tí wọ́n dúró ti ògiri.

Ìyá mi kì í ta ẹní. Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà ní ọjà ńlá. Ọmọ Ìlọrin ni, bàbá mi náà jẹ́ ọmọ Ìlọrin, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Kaduna. Nígbà tí bàbá mi kú, mo ṣì kéré, ṣùgbọ́n mo rántí pé àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn kò rí nǹkan jókòó lé. Páálí ìkòkò ni ìyá mi ya, tó tẹ́ ẹ sórí eruku, tí àwọn àlùfáà fi jókòó ṣe fídáù fún òkú. Ìyá mi ò gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ó máa ń sọ pé, "Kí ni bàbá yín ṣe tí wọ́n fi ní láti tọrọ àánú Ọlọ́run fún un lórí páálí?" Èrè tó kọ́kọ́ rí lẹ́yìn ọ̀fọ̀, ó fi wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, ó ra ẹní bọ̀, ẹní gidi, tí wọ́n fi àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé hun etí rẹ̀. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá ṣì wà láyé, wọn ò ní ṣọ̀fọ̀ ọmọ Yorùbá kankan lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́ ní Kaduna.

Kì í bi ọ́ léèrè bóyá Mùsùlùmí ni ọ́ tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Bí òkú bá ti kú fún ọ, wá gbé ẹní. Kò sì ní gba kọ́bọ̀. "Ẹní òkú ò lówó," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè, kí wọ́n má dá ẹní padà lófìfo. Wọ́n gbọ́dọ̀ ká nǹkan sínú rẹ̀, sàráà olóògbé, ìbáà ṣe dábínò, ìbáà ṣe ṣúgà, ìbáà ṣe ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì. Kì í sì í jẹ ẹ́ o. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni yóò ti pín in fún gbogbo àdúgbò, Hausa, Yorùbá, Gwari, ẹni yòówù tó bá ṣáà ti ní abọ́. Sàráà òkú kì í sùn nílé wa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ìyẹn gan-an ni wọ́n fi pa á lára.

Ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ ìyá mi jù lọ ní Kabala Doki jẹ́ obìnrin Yorùbá kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ọmọ obìnrin yìí ló di káńsílọ̀ wa. Ìgbà náà, ẹ̀yìn ẹni tí a bá fẹ́ la máa ń tò sí tí a bá fẹ́ dìbò. Ìyá mi tò sẹ́yìn ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn, ẹsẹ̀ wú u. Ọmọ náà wọlé. Ẹyọ kan ṣoṣo tí àwa Yorùbá ní nínú káńsù nìyẹn, ayọ̀ ń pa wá bí ẹni pé ó di ààrẹ.

Kò pẹ́ tó wọlé ni bàbá rẹ̀ kú. Ó wá yá ẹní, ìyá mi sì kó gbogbo rẹ̀ fún un. Wọ́n fi ṣe àdúà ọjọ́ kẹta, wọ́n fi ṣe ti ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ẹní náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ogójì ọjọ́, bí a ṣe máa ń ṣe é. Àárín ìgbà yìí ni káńsù gbẹ́ ẹ̀rọ omi kan sí àdúgbò wa, tí àwọn àlejò ńlá fẹ́ wá ṣí i. Káńsílọ̀ wa kó ẹní ìyá mi lọ síbẹ̀ kí àwọn àlejò lè jókòó. Kò bi í. Ìyá mi rí àwọn ẹní rẹ̀ níbẹ̀, ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Ọmọ náà kò rí àga ni." Mo ní, "Ìyá, ẹní òkú rèé o." Ó ní kí n dákẹ́, pé omi náà sàráà ni.

Nígbà tó dá ẹní padà, odidi àpò ìrẹsì ló gbé tẹ̀ lé e, nínú ọkọ̀ káńsù. Ọkọ̀ fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà wa, gbogbo ojú ló rí i. Ìyá mi gbàdúrà fún un títí ẹnu fi gbẹ. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló pín ìrẹsì náà. Obìnrin kan tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé abọ́ wá. Ìyá mi bù fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣé káńsílọ̀ wa ti gba owó lọ́wọ́ káńsù. Ó ní òun háyà ẹní fún àwọn àlejò. Owó tó gbà lórí rẹ̀ tó láti ra gbogbo ẹní tó wà ní ọjà Kaduna kó sì tún ṣẹ́kù. Káńsílọ̀ mìíràn tí wọn ò fún ní nǹkan kan nínú owó náà ló tú u síta. Ó dìde nínú gbọ̀ngàn káńsù níjọ́ tí àwọn aráàlú wá wòran, ó ka ohun tí wọ́n ná owó lé lórí jáde lójú gbogbo ènìyàn, nígbà tó dé orí ẹní, ó sọ ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Tabarma? Tabarma kawai?" Ẹní? Ẹní lásán? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu omi ojú. Bí orúkọ ṣe jáde nìyẹn. Òwe kankan ò sí níbẹ̀. Àwọn oníkàbúkàbú tó wà níta gbé e, àwọn ọlọ́jà gbà á lẹ́nu wọn, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹni tó bá ti gba owó ìlú lórí ohun tí kò sí, wọ́n á ní ó ṣe Tàbámá.

Ìbá tún dáa tó bá mọ síbẹ̀. Wọ́n bi káńsílọ̀ wa pé ọwọ́ ta ló ti háyà ẹní. Kí ni ọ̀gbẹ́ni náà sọ? Ó ní ọwọ́ obìnrin Ìlọrin kan ní Kabala Doki ni, pé gbogbo ayé ló mọ ẹní rẹ̀, pé òun ti san owó fún un pátápátá. Kò dárúkọ. Ta ló ń retí orúkọ? Ẹní elétí pupa àti ewé, obìnrin Ìlọrin, Kabala Doki, ṣé ẹni méjì ni?

Áà, ayé! Àwọn tí wọ́n jẹ ìrẹsì ló ń bú ẹni tó pín in. Obìnrin òdìkejì ọ̀nà yẹn, ẹni tó gba abọ́ méjì, dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń sọ ọ́ kí n lè gbọ́ pé odidi àpò ni òun fojú ara òun rí, pé ta ló ń fún ènìyàn ní odidi àpò lásán. Mo ní, "Ìrẹsì tí ẹ jẹ ńkọ́?" Ó ní òun ò mọ ibi tó ti wá ni òun fi jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ mi o! Ní ọjà, wọ́n sọ ìyá mi ní Ìyá Tàbámá. Àwọn oníbàárà á dúró níwájú abọ́ rẹ̀, wọ́n á bi í pé ṣé ó ṣì ní ẹní háyà. Èmi náà, nínú ọkọ̀ Sabon Tasha, mo máa ń gbọ́ ọ, mo máa ń wo ìta bí ẹni tí kò gbédè.

Ìyá mi kò ka ti ọjà sí. Ohun tó ń dùn ún ni pé ẹnikẹ́ni ò wá yá ẹní mọ́. Èèyàn kú ní Kabala Doki, èèyàn kú ní Sabon Tasha, a ń gbọ́, a ò rí ẹni kankan. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé orí Tàbámá ni òun ti ṣọ̀fọ̀ bàbá òun? Ó lọ kí àwọn kan tí ọmọ wọn kú, nígbà tó dé, ó kàn lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí àwọn ẹní wà. Nígbà tó yá ó ní, "Páálí ni wọ́n tẹ́." Ó sì sunkún. Ìjọ́ tí bàbá mi kú ni mo ti rí ẹkún rẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹgbẹ́ àwa Yorùbá pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo bá ìyá mi lọ. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni, mo tiẹ̀ wọ aṣọ tó dáa. Bàbá alága, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Màmá, a fẹ́ kí ẹ ràn wá lọ́wọ́. Ẹyọ ọmọ kan la ní nínú káńsù. Tí wọ́n bá lé e, ó di ká máa wo ẹnu ẹlòmíì. Ẹ kàn bá wa sọ pé ẹ gba owó náà. Ọ̀rọ̀ á tán."

Mo fò sókè. Ìyá mi fà mí jókòó.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ní kí n sọ pé mo gbowó lórí ẹní òkú?"

"Ẹnu lásán ni, Màmá. Ẹ fi ṣe oore."

"Oore ni mo ṣe tó dà báyìí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ta ló tún máa gba ẹní lọ́wọ́ mi?"  Ó tún gèlè rẹ̀ wé dáadáa, ó ní ó dàárọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ni wọ́n máa ń sọ. Àwọn àgbà wà níbẹ̀ bámúbámú lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń wo ilẹ̀. Káńsílọ̀ wa náà wà níbẹ̀. Òun náà ń wo ilẹ̀.

Mo rọ ìyá mi kó lọ sí káńsù kó lọ sọ ti ẹnu rẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní òun ò ní purọ́ fún ọmọ náà, òun ò sì ní lọ fi í sùn lójú ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ ó wá dákẹ́, kí wọ́n máa bú yín?" Ó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ní ogún ọdún ti pọ̀ jù! Ó ní kí n lọ wo ọbẹ̀ tí mo gbé kaná.

Káńsù gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ náà sì tún gba owó láti fi jókòó, Ọlọ́run ò purọ́. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán nígbà tí àwọn sójà tún gba ìjọba, tí wọ́n ní kí gbogbo káńsílọ̀ máa lọ sílé. Bó ṣe parí nìyẹn. Owó lọ, ẹjọ́ lọ, káńsù tú ká. Orúkọ nìkan ló kù, ọrùn ìyá mi ló sì kù sí.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìyá káńsílọ̀ yẹn kú, ọ̀rẹ́ ìyá mi. Àárọ̀ la gbọ́. Ìyá mi jókòó díẹ̀, ó fi ìborùn nu ojú, ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ẹní jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn eruku wọn.

"Ìyá, níbo lẹ ń kó wọn lọ?"

"Ṣé o ò gbọ́ pé ọ̀rẹ́ mi kú ni?"

"Ọmọ rẹ̀ ló bà yín lórúkọ jẹ́! Kò wá yá a!"

"Ọmọ rẹ̀ kọ́ ló kú. Gbé ti ọ̀hún yẹn."

Mo gbé e. Mo kùn láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí a débẹ̀, èèyàn ti pé jọ, gbogbo wọn wà ní ìdúró, torí àga kò tó. Ìyá mi tẹ́ ẹní sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó jókòó. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, "Tabarma ta zo!" Tàbámá ti dé. Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi bọ́ bàtà, òun nìkan jókòó sáàárín gbogbo ẹní yẹn, ó na ẹsẹ̀, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ìgbà náà ni ọmọ olóògbé jáde láti inú ilé. Ó rí ẹní, ó rí ìyá mi lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró létí ẹní náà, kò lè tẹ̀ ẹ́.  Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì tún un sọ ní Hausa kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Mi ò sanwó fún ẹní yìí rí. Ìyá yìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo purọ́."

Ìyá mi ní, "Mi ò bi ọ́. Bọ́ bàtà rẹ kí o wá jókòó, kí wọ́n lè rí ibi bẹ̀rẹ̀ àdúà ìyá rẹ."

Ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Àwọn àlùfáà jókòó. Bàbá alága fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà jókòó. Kò pẹ́ tí ẹní fi kún. Èmi dúró. Inú ń bí mi! Nínú gbọ̀ngàn káńsù ló yẹ kó ti sọ ọ́, níbi tí orúkọ ti jáde, kì í ṣe nígbà tí sójà ti lé e kúrò, tí kò sí nǹkan tí yóò pàdánù mọ́.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kó ẹní wá, ní ìrọ̀lẹ́, ó ń yọ́ rìn. Ìyá mi tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfìfo ni gbogbo wọn.

"Sàráà ìyá rẹ dà?"

"Màmá, ẹ̀rù ló bà mí. Wọ́n á tún sọ pé..."

"Wọ́n á sọ. Ṣé torí ẹnu ayé ni ọ̀rẹ́ mi ò fi ní rí sàráà? Lọ gbé e wá. Má gbé e wá lálẹ́ o. Ojúmọmọ ni mo fẹ́."

Lọ́jọ́ kejì ó ru àpò ìrẹsì kan lórí, ọkùnrin tó ti ń gun ọkọ̀ káńsù, ó gba ojú títì kọjá lójú gbogbo èèyàn. Ìyá mi tú u sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ẹ gbà pé obìnrin òdìkejì ọ̀nà ló kọ́kọ́ gbé abọ́ dé? Mo wò ó, kò wò mí. Ìyá mi bù fún un, ó kún bámúbámú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí kan ilẹ̀kùn wa. Yorùbá ni, eruku ọ̀nà Gonin Gora wà lára bàtà rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní bàbá òun ló kú, pé ilé tí àwọn ń gbé ò tíì tán, kò sí ibi tí èèyàn máa jókòó sí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n béèrè ilé Ìyá Tàbámá."

 Mo ti la ẹnu láti lé e jáde. Ọwọ́ ìyá mi wá láti ẹ̀yìn, ó rọra tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Èèyàn mélòó ló máa jókòó?"